Ẹja Yín àti Ojú Mi

                                        Ojúlé Kẹrìndínlógún,
                                        Òpópónà Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú ìkókó, ẹ kú àìsùn. Ọmọ yín tó bímọ ńkọ́, ṣé ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ti jinná? Ìkókó náà ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀? Orúnkún tiyín yẹn ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí. Ìyàwó mi ń ránṣọ, èmi sì ń rìn káàkiri inú ilé bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀. Nígbà tí ẹ pè lóṣù tó kọjá tí ẹ béèrè ẹja yín, mo ní wọ́n ń ṣe dáadáa. Irọ́ ni mo pa. Méjìdínlógún lẹ fi sílẹ̀ nínú àpótí gíláàsì yẹn, méje ló kù. Kì í ṣe àìsàn ló pa àwọn yòókù, èmi ni. Mo kọ lẹ́tà dípò kí n pè nítorí pé lórí fóònù ẹ ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ẹ mọ̀ pé látìgbà tí dókítà ti ní kí n yé wa ọkọ̀ nítorí ojú òsì mi, ara mi ò gbàdúró. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wà nídìí ọkọ̀ agbépo. Ẹ ní kí n máa bá yín tọ́jú ẹja, pé á fún ọwọ́ mi níṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀hún ló wá pọ̀ jù. Lọ́sẹ̀ kejì tí ẹ lọ, mo rí ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, mo bá fọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe ń fọ ọkọ̀ mi láyé ọjọ́sí. Mo da omi nù pátápátá. Mo fọ òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Fóòmù inú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, mo fún un lábẹ́ omi ẹ̀rọ títí ó fi funfun. Mo hú àwọn ewé, mo tún wọn gbìn ní ìlà tó gún régé. Mo wá pọn omi tuntun sí i, mo kó ẹja padà. Ó mọ́ débi pé mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, mẹ́ta ti léfòó, àwọn yòókù ń ya ẹnu lójú omi bíi pé wọ́n ń wá afẹ́fẹ́.

Mo tún da omi nù. Mo ra oògùn, mo kán an sí i. Lójoojúmọ́ ni mò ń hú ewé wò bóyá gbòǹgbò rẹ̀ ti mú ilẹ̀, lójoojúmọ́ náà ni mò ń kó òkú ẹja. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró, ó wò mí títí.

"Àwọn ẹja yìí ò ráyè mí lọ́wọ́ rẹ," ló wí. "Bó o ṣe ń ṣe èmi náà nìyẹn látìgbà tó o ti wà nílé."

Mo wọ bàtà, mo lọ bá obìnrin tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ níparí òpópónà wa, ẹni tí ẹ ní kí n lọ bá bí nǹkan bá le. Bí mo ṣe ń ka ohun tí mo ṣe fún un ló ń mi orí.

"Ẹ ti pa àwọn tó ń bá yín tún omi ṣe," ló sọ. Ó ní àwọn kòkòrò kan tí ojú ò lè rí ló ń gbé inú fóòmù àti ara òkúta, àwọn ló ń jẹ ìgbẹ́ ẹja kó má baà di májèlé, oògùn inú omi ẹ̀rọ ló sì pa wọ́n. "Ẹ ki ọwọ́ bọ àpò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oúnjẹ bíńtín lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹ pààrọ̀ omi garawa kan péré lọ́sẹ̀, kí omi náà sì ti wà nílẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó dà á sí i. Ẹ má fọwọ́ kan ewé kankan."

Ẹ̀gbọ́n mi, ojú mi rí tó. Kò sí ilẹ̀kùn tí mi ò tú tí mi ò tún kàn padà nínú ilé yìí. Ó wá ku díẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ọ̀gá ibi iṣẹ́ mi àtijọ́ pè. Awakọ̀ rẹ̀ kan ń ṣàìsàn, ó fẹ́ kí n bá òun gbé epo lọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo rán an létí ojú mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹsẹ̀ mi mọ ọ̀nà yẹn ju ojú mi lọ. Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti gbà. Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Mo di báàgì mi, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, mo ní kí n kọ́kọ́ fún ẹja lóúnjẹ. Ìyàwó mi wá bá mi níbẹ̀. Ó ti rí báàgì, ó sì fẹ́ bi mí léèrè, àmọ́ ojú rẹ̀ bọ́ sára ewé tó rí bí irun tó wà ní igun àpótí.

"Wò ó," ló wí, "àwọn ẹja ti pamọ."

Mo gbé ojú lé gíláàsì, mi ò rí nǹkan kan. Ó ní àwọn ọmọ ẹja náà tín-ín-rín bí òwú, wọ́n sì lójú méjì. Mo sáré pe obìnrin ẹlẹ́ja. Ó ní ká tètè fi ṣíbí bù wọ́n sínú abọ́ ọ̀tọ̀, kí àwọn òbí wọn má baà jẹ wọ́n.

Mo bù, omi lásán ni.

"Sí òsì díẹ̀," ni ìyàwó mi wí. "Ó wà níwájú ṣíbí yẹn gan-an. Ṣé o ò rí i ni?"

Mo ní mo rí i. Mi ò rí i. Nígbà tí mo bù ú lẹ́ẹ̀kẹsàn-án tí ọwọ́ mi ṣófo, ó rọra gba ṣíbí náà. Mo di ojú ọ̀tún, mo fi òsì nìkan wò: àwọn ẹja ńláńlá gan-an, bí òjìji ni wọ́n. Mo di òsì, mo fi ọ̀tún wò: ìkùukùu ti ń bọ̀ níbẹ̀ náà. Mo ronú kan ọmọ tó bá fẹ́ sọdá títì lápá òsì ọkọ̀ mi.

Mo jáde síta, mo pe ọ̀gá. Mo ní, "Ẹ wá ẹlòmíràn. Ojú mi ò ríran mọ́." Mi ò fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí títí dọjọ́ náà. Nígbà tí mo padà wọlé, ìyàwó mi ti ń kó aṣọ inú báàgì padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Mọ́kànlélógún ló bù jáde, mẹ́rìnlá ṣì wà láàyè. Pupa ẹyin bíbọ̀ tí a rin kúnná la ń fún wọn, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ẹ dákun, ẹ forí jì mí nítorí àwọn tó kú. Mi ò ní sọ fún yín pé ara mi ti balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti dìde látìgbà tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, ìyàwó mi ní kí n kúkú máa kọ ọ́ lóòró.

Ẹ bá mi kí ìyá ọmọ àti ọkọ rẹ̀, ẹ bá mi gbé ìkókó jó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ìyàwó mi ń mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ọkọ̀ èrò la máa wọ̀, ẹ̀yìn awakọ̀ ni n ó jókòó sí. Mi ò tíì mọ ibi tí n máa gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sí nígbà tó bá yẹ kó tẹ bíréèkì.

Èmi ni àbúrò yín tí ò lè jókòó,
Ẹsẹ̀-ò-gbélé.