Ìwúkàrà Tó Dé fún Màlúù Ìyá Rẹ

Ilé wa, Ìnísà

Olúwaṣìkẹ́mi ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ooru, mo kí ọ kú iṣẹ́ Ìbàdàn, mo sì kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Olúwa tó ń ṣọ́ yín lọ́nà iṣẹ́ kò ní fi yín sílẹ̀. Ara èmi náà le, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi jà, mo sì ti sọ fún un pé èmi ni àgbà.

Àpò tó o fi ránṣẹ́ láti ilé iṣẹ́ oúnjẹ ẹran yín dé gáréèjì Ìkìrun ní àlàáfíà. Mo gbé e lórí ọ̀kadà wá sílé, mo dì í mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, nítorí o sọ nínú ohùn tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù pé ìwúkàrà tó wà nínú rẹ̀ wà láàyè. Mo rò ó pé ohun tó bá wà láàyè gbọ́dọ̀ mí, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìkìrun kì í sì í ṣe ọ̀nà kékeré fún ẹni tí wọ́n rán ẹnu àpò mọ́ lórí. Bí mo ṣe wọlé ni mo tú ẹnu àpò, mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì mi níwájú fáànù, èmi wá jókòó tì í. Rọ́fíàt, obìnrin tó ń bá wa fún wàrà tó sì ń ṣe é tà ní Òkukù, ló wọlé bá mi, ó béèrè pé ta ni ara rẹ̀ ò yá. Ó ka ara àpò náà fún mi, ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́ rárá. A yára dì í padà.

Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ti gba yàrá kí a tó dì í, Ṣìkẹ́mi, mi ò sì lè dìde mọ́. Òórùn ọwọ́ ìyá rẹ ni. O kéré nígbà tó ń yan búrẹ́dì nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ní Òkukù, o lè má rántí. Ààrò alámọ̀ ni, mo bá a mọ ọ́n. Tí rélùwéè bá ti fọn fèrè lọ́nà ibí yìí, á gbé àtẹ lé orí, àwọn èrò á na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, búrẹ́dì á sì tán kí ọkọ̀ tó gbéra. Nígbà tí ọkọ̀ ò wá mọ́, ó fi ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ra ẹgbọ̀rọ̀ màlúù kan. Ìyẹn ni ìyá Adúmáadán. Adúmáadán nìkan ló kù nínú àwọn màlúù rẹ̀.

Òun náà sì fẹ́ lọ. Láti oṣù kejì ni kò ti jẹun dáadáa mọ́. Lójú ọ̀sán á dúró gbagidi, á yọ ahọ́n síta, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Wàrà rẹ̀ kò kún ife mọ́, ọmọ rẹ̀ á fa ọmú títí, á sì tún ké. Alápatà kan ti Ìkìrun wá lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n tà á nígbà tí ẹran ṣì wà lára rẹ̀. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Mo ní kí ó padà wá lẹ́yìn Àjíǹde.

Mo ń da síbí ìwúkàrà náà mọ́ èèrí àgbàdo láràárọ̀ bí o ṣe wí, kí ó lè máa jẹun nínú ooru, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Ojú mi ti rí ohun tí síbí kan ń ṣe fún ìyẹ̀fun inú abọ́ ìyá rẹ, nínú oòrùn. Mo ní tí màlúù yìí bá wú, báwo ló ṣe máa gba ẹnu ọ̀nà jáde? Mo mú téèpù, mo ń wọn ikùn rẹ̀ láràárọ̀. Mo tún béèrè lọ́wọ́ Pásítọ̀ bóyá kò ní di ọtí nínú rẹ̀, nítorí Onítẹ̀bọmi ni wá, Mùsùlùmí sì ni Rọ́fíàt. Pásítọ̀ ní òun máa gbàdúrà sí i. Kò tíì padà wá.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru, tó o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwúkàrà náà, inú àpò ṣòkòtò mi ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí kí ó má baà sọnù, nítorí náà gbogbo nọ́ńbà tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, ti ara mi ni. Rọ́fíàt ló ní inú ilé màlúù ló yẹ kó wà. Má bínú.

Mo kọ fọ́ọ̀mù tí ilé iṣẹ́ yín fi sí i náà. Níbi tí ẹ ti béèrè ẹni tó ni màlúù, mo kọ orúkọ ìyá rẹ, Kíkẹ́lọmọ Ọmọ́dára, nítorí èmi kọ́ ni mo ni ín. Níbi nọ́ńbà fóònù rẹ̀, mo kọ ọ́ pé ó ti lọ sọ́dọ̀ Olúwa, kí ẹ pe èmi. Níbi tí ẹ ní kí ó fọwọ́ sí, mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, n kò rí nǹkan kan, ikùn rẹ̀ kò kúrò lójú kan náà lórí téèpù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lọ́sàn-án gangan, mo rí i tó rìn lọ sídìí oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ó jẹ, ó sinmi, ó tún jẹ. Mo dúró nínú oòrùn, mò ń wò ó, mo gbàgbé fìlà mi sílé. Wàrà rẹ̀ kò tíì pọ̀ tó tàtijọ́, ṣùgbọ́n Rọ́fíàt ní abọ́ òun ti ń wúwo, ọmọ màlúù náà sì ti ń sáré kiri.

Alápatà dé lẹ́yìn Àjíǹde lóòótọ́. Ó yí Adúmáadán ká, ó ní ara rẹ̀ ń dán. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bu wàrà tí Rọ́fíàt ṣe fún un, ó jẹ ẹ́, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Mo wá lọ sídìí ibojì ìyá rẹ lẹ́yìnkùlé, mo ròyìn fún un.

O ní ìwúkàrà kò lè ṣe iṣẹ́ omi àti ibòji. Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra páànù tí màá fi bo iwájú ilé rẹ̀, àti àgbá omi kan. Tí àpò ìwúkàrà mìíràn bá wà, fi kún un. Èyí tó kù kò pọ̀ mọ́, mo sì máa ń ṣí i díẹ̀ kí n tó bu tàárọ̀, kí n kàn gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ọmọ mi, oúnjẹ ò ní kọrò lẹ́nu rẹ. Ooru tó ń mú ayé kò ní gba ohun tó ò ń fún àwọn ọmọ rẹ mu. Ẹni tó bá sì wá díye lé ẹ̀mí rẹ, kò ní bá ọ nílé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adéjàre Ọmọ́dára