Iye Tí O Ní Kí N Ta Jíìpù Bàbá Rẹ

Ọmọ mi, àkọ́bí mi, ìwọ tí o mọ iye ohun gbogbo láyé,

Mo kí ọ o. Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ mi kéékèèké, mo sì kí ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì yín, ẹni tó bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà tí mo wá pé ṣé ó dá mi lójú pé èmi ni ìyá rẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí omi tó ń gun òkè wá bá yín nínú páìpù gbàgbé ọ̀nà. Kó má jẹ́ kí àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn tán yín lókun. Kó jẹ́ kí o pẹ́ láyé bíi tèmi, kí irun orí rẹ funfun báláú, kí ọmọ tìrẹ náà wá rán èèyàn tí yóò díye lé ẹrù ilé rẹ nígbà tí o ṣì jókòó lórí àga tí o ń wò ó. Àmín o.

Àlàáfíà la wà. Orúnkún mi òsì ń dùn mí, ọ̀tún ń wò ó níran. Òbúkọ ńlá yẹn já okùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọ ilé olùkọ́, ó jẹ ìwé ìdánwò kíláàsì kan tán pátápátá, gbogbo àwọn ọmọ náà sì yege. Àbúrò rẹ obìnrin wà lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí rẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo ní rárá o. Lóòótọ́, ìwé kejì ni mo kà dé kí wọ́n tó ní kí n wá máa da ewúrẹ́, ṣùgbọ́n a ò tíì débi irọ́ pípa nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, nítorí náà òótọ́ nìkan ni mo lè kọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní jíìpù bàbá rẹ kàn jókòó sábẹ́ igi ni, pé lọ́dọọdún ni iye rẹ̀ ń já wálẹ̀, pé ká tètè tà á ní iye tó tọ́ nígbà tó ṣì ń rìn, kí o lè fi owó náà kún èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, kí o fi ra jíìpù ńlá mìíràn tí ọ̀gá báńkì kan ti lò fún ọdún méjì. Mo kà á títí mo fi lóye rẹ̀: o fẹ́ ta àlòkù kí o lè ra àlòkù. Ọpọlọ ńlá! Owó tí mo fi rán ọ nílé-ìwé ò ṣòfò. Ìwé ọkọ̀ wà lórúkọ rẹ, mi ò jiyàn, bàbá rẹ ló ṣe é bẹ́ẹ̀ kó tó kú nítorí pé ìwọ ni àkọ́bí. Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kí o kọ́kọ́ bi léèrè ni àbúrò rẹ, nítorí jíìpù tí o ní ó jókòó yẹn ló ń gbé e kọjá odò bí obìnrin bá ń rọbí lódìkejì, mẹkáníìkì wa tí gbogbo ayé ń pè ní Ọwọ́-Epo ló sì ń bá a wà á. Kò sí ọkọ̀ mìíràn níbí tó lè la ẹrẹ̀ yẹn já. Bó bá lọ, ẹsẹ̀ ló kù tí agbẹ̀bí máa fi rìn, ọmọ tó ń bọ̀ wá sáyé kì í sì í dúró de ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Mo ti kọ gbogbo ohun tó yẹ sínú fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti bèèrè pé èèyàn mélòó ló ti ni ọkọ̀ náà rí, mo kọ ọ́ pé bàbá rẹ, èmi, àti adìyẹ dúdú tó ń yé ẹyin sí búùtù rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ẹni tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni lé òun. Ibi tí wọ́n ní kí n fa ìlà sí bóyá ó dára gan-an, ó dára díẹ̀, tàbí kò dára, mo fa ìlà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ọjọ́ ò dọ́gba. Ìwọ náà, bí wọ́n bá fún mi ní fọ́ọ̀mù tìrẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe. Ibi tí wọ́n ti bèèrè ìdí tí a fi fẹ́ tà á, orúkọ rẹ ni mo kọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ní kí n má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti gbọ́.

O tún ní ká fọ ọkọ̀ náà dáadáa kí ẹni tí o rán tó dé. Ọmọ mi, ilé ẹni tó ń ta ewúrẹ́ lo dàgbà sí o! Ewúrẹ́ tí wọ́n bá fọ̀ wá sọ́jà, kúrúnà ni wọ́n fi ọṣẹ bò mọ́lẹ̀, ẹni tó gbọ́n kì í tiẹ̀ ná an. Ogójì ọdún ni mo fi ta ewúrẹ́, mi ò fọ ọ̀kan rí. Ọwọ́-Epo gbé ọṣẹ àti garawa dé, mo lé e padà, mo tún ní kó lọ wà á gba inú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé a ò fi nǹkan kan pamọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Adíyelé rẹ wá dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹsẹ̀ ló fi dé. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó gbé wá láti ìlú rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé títí dé ìlẹ̀kùn. Ó gbé bàtà méjèèjì dání lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì, ó ní òun wá wo jíìpù. Mo ní jíìpù náà ni yóò kọ́kọ́ lọ wo tìrẹ. Ọwọ́-Epo wà á lọ, ó so okùn mọ́ ọkọ̀ náà, ó fà á jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ìgbà tí wọ́n fa eyín ọmọdé, jíìpù ò tiẹ̀ húkọ́. Mo ní háà, iye rẹ̀ ti gòkè nìyẹn, nítorí lọ́jà ewúrẹ́, òbúkọ tó bá kan oníbàárà ṣubú, owó gidi ni wọ́n fi ń rà á. Ṣùgbọ́n arákùnrin yìí nu ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, ó mú bírò jáde, ó ní ká wá wo ohun tó ń ṣe é.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ díẹ̀. Ó sùn gbalaja sábẹ́ ọkọ̀ tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo ti ń wá ìrọ̀rí tí màá gbé fún un. Ó fi àtàǹpàkò wọn eyín táyà bí mo ṣe máa ń wọn pátákò, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọjú síbẹ̀ bí mo ṣe máa ń yọjú sẹ́nu ewúrẹ́. Inú mi ti ń dùn. Ìgbà tó jókòó síwájú tó ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wọ́. Ó ní ọkọ̀ náà ti rin kìlómítà tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó. Mo pàtẹ́wọ́, mo ní kó kọ ọ́ gàdàgbà. Ó ní rárá màmá, ìyẹn gan-an ló ń fa iye rẹ̀ wálẹ̀, pé bí ọkọ̀ bá ṣe rìn tó ni owó rẹ̀ ṣe ń dín kù tó. Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín nílùú ńlá nìyẹn? Ọkọ̀ tí bàbá rẹ fi wọn ilẹ̀ káàkiri inú igbó àti orí àpáta, tó lọ tó bọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, tó ń padà wálé lójoojúmọ́, ó ti fi hàn wá pé òun mọ ìrìn. Èyí tí kò tíì rìn ni mi ò mọ̀ bóyá ó lè rìn. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo wá bi í pé èmi tí mo ti ń rìn láti ọjọ́ yìí, èló ni mo kù? Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó má rẹ́rìn-ín, kó kọ iye.

Ó tún gbé fóònù jáde, ó ní ogójì irú jíìpù yìí ló wà níbẹ̀, pé òun ti rí iye tí wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kó kó wọn jáde ká tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, mo ti ní kí wọ́n gbá àgbàlá. Ó ní wọn ò lè jáde. Mo ní ta ló tì wọ́n mọ́lé? A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè, ká má tíì wá sọ ojú fóònù.

Ibi tó ti wá dùn mí rèé. Ó ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó rí àbàwọ́n ńlá tó wà lórí àga, ó mi orí, ó ní ìyẹn náà yóò yọ owó. Ó bi mí pé kí ló dà síbẹ̀. Mo ní ẹni tó rán an wá ni. Ó rò pé mò ń bú ọ ni, ó ní kí n má bínú. Mo wá ṣàlàyé fún un pé ọ̀sán gangan ni, òjò ń dà, odò kún, bàbá rẹ ń wa jíìpù yìí bí ẹni tí oyin ń lé, àárín omi gan-an ni ìwọ ti ní o ò lè dúró de ilé ìwòsàn mọ́, o sì bọ́ sílẹ̀ lórí àga yẹn, ìwọ pẹ̀lú orí rẹ gbàǹgbà. Bàbá rẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ aṣọ àga náà títí tó fi kú, ó ní ìwé ìbí rẹ nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Adíyelé fi ọwọ́ kan àbàwọ́n náà jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó yọ owó náà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àga ẹ̀yìn ti bàjẹ́. Nítorí náà, ọmọ mi, bí ọjà ṣe rí nílùú yín, bíbí tí mo bí ọ ti dín iye jíìpù yìí kù ní ìdá kan nínú ogún. Mo rò pé ó yẹ kí o mọ̀.

Iye tó kọ sílẹ̀ níkẹyìn, o ti rí i nínú fóònù rẹ kí èmi tí mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó rí i. Mo ní kó bá mi ṣírò rẹ̀ sí ewúrẹ́ kó lè yé mi. Ó ṣírò rẹ̀, ó ní ewúrẹ́ ọgọ́ta àti ìdajì. Mo bi í pé ìdajì wo, ti orí ni àbí ti ìdí? Ó ní iye tó tọ́ nìyẹn, kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀, pé oníbàárà kan ti ṣe tán nílùú, yóò wá gbé e lọ́jọ́ kẹẹ̀dógún oṣù tó ń bọ̀. Ó ní bí ẹlòmíì bá fọwọ́ sí iye yẹn ṣáájú ọjọ́ náà, ìwọ fúnra rẹ ti sọ pé ẹni náà ló ni ín. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́.

Ní ti jíìpù ọ̀gá báńkì tí o fẹ́ rà, o ní ó ń dán, kò ní ìlà kankan lára, kò sì tẹ ẹrẹ̀ rí. Jíìpù ńlá tí kò tẹ ẹrẹ̀ rí, kí ló wá fẹ́ fi ẹsẹ̀ gíga yẹn ṣe? Má bi ẹni tó ń tà á pé ọdún mélòó ló fi lò ó, bi í pé kí ló ń sá fún. Gbé e gun òkè. Gbé e wọ omi. Dá a dúró sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí o gbọ́ bóyá yóò ké. Má wo ọ̀dà ara rẹ̀, wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ bóyá epo kán síbẹ̀. Bí olówó rẹ̀ bá ní kí o má gbé e kúrò lórí títì, kí i pé ó dàárọ̀. Ó lè jẹ́ pé fóònù ní iye rẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n fóònù ò ní bá ọ tì í lọ́jọ́ tó bá kọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan. Mo ti rí ẹni tó máa ra jíìpù bàbá rẹ. Obìnrin ni, ó dàgbà díẹ̀, ó mọ ọkọ̀ náà tinú tòde, kò sì ná an rárá, iye tí Ọ̀gbẹ́ni Adíyelé kọ gẹ́lẹ́ ló gbà. Èmi ni. Mo fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ẹtì níṣojú àbúrò rẹ àti Ọwọ́-Epo, ọjọ́ kẹẹ̀dógún ṣì jìnnà. Ewúrẹ́ méjìdínlógún ni mo ní, mo ta mẹ́rìndínlógún, mo gbé owó náà lọ sí báńkì, mo ní kí wọ́n fi sí àkáǹtì rẹ. Mo ní kí obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì fi yàrá tí owó rẹ wà hàn mí kí n lè gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fúnra mi, ó fún mi ní bébà kékeré kan, ó ní ó ti wọlé. Mi ò rí i kó wọlé, ṣùgbọ́n bébà náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Ó ku ewúrẹ́ mẹ́rìnlélógójì àti ìdajì. Èmi ò níbi tí màá ti rí i, ìwọ nìkan sì ni ọmọ mi tó ń gba owó oṣù nílùú ńlá. Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi ìyókù owó náà ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ náà tó pé, kí n lè san án fún ọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ kiri pé ìyá rẹ ra ọjà àwìn lọ́wọ́ ọmọ tó bí. Fi owó epo kún un, àbúrò rẹ ní obìnrin mẹ́ta ló máa bímọ lódìkejì lóṣù yìí. Kí o sì fi ìwé ọkọ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú, kí wọ́n yí orúkọ inú rẹ̀ padà.

Ọlọ́run yóò fún ọ lówó tí o máa fi ránṣẹ́ sí mi. Yóò sì fún mi ní ẹ̀mí gígùn tí màá fi san án padà fún ọ, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú.

Èmi ni ìyá rẹ,
Oníjíìpù.