Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tí Mo Lò Ní Ìkejì

Bàbá mi àtàtà,

Ọkọ̀ yín ṣì ń rìn. Mo mọ̀ pé òun lẹ máa kọ́kọ́ béèrè. Láyé yín, bí mo bá ti ìrìn-àjò dé, ẹ ó ti yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó fẹsẹ̀ kan táyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó bi mí bóyá mo ti jẹun. Inú máa ń bí mi nígbà náà. Ta ló máa yẹ táyà wò fún mi báyìí?

Ẹ rántí pé aṣọ àdìrẹ ni mo kó lọ sí Bìní. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe rí gan-an. Mo kọjá Iléṣà tán ni ọkọ̀ agbégẹdú kan ha ọkọ̀ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó fa bọ́dì onípákó yẹn ya. Ọkọ̀ mìíràn bá mi kó ẹrù lọ, èmi wọ́ tiwa dé Ìkejì Arákejì. Ṣàmúẹ́lì, kápẹ́ńtà ibẹ̀, ní igi bọ́dì náà ti jẹrà, àfi ká tú gbogbo rẹ̀ ká tún un kàn. Pákó tútù sì gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí ọjọ́ mẹ́ta ṣe di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn.

Kí n má purọ́ fún yín, mo gbádùn ibẹ̀. Ṣàmúẹ́lì fún mi ní yàrá. Ìyàwó rẹ̀ ń gún iyán fún mi, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará Òṣogbo kì í jẹ iyán, ó kàn ń tọ́ ọ wò ni. Èmi ni Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tó sùn nílé wọn, bí mo bá sì ń kírun, wọ́n á ní káwọn ọmọ dákẹ́. Ṣàmúẹ́lì sọ fún mi bí òkú bàbá òun ṣe wà ní mọ́ṣúárì fún odidi oṣù kan títí ẹ̀gbọ́n òun fi ti Gáná dé. Mo gbọ́, mo ní wọ́n ṣe dáadáa. Mi ò sọ bí àwa ṣe ń ṣe tiwa. Kí ló dí mi lẹ́nu?

Mo mọ̀ pé ikọ́ ń ṣe yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ṣàmúẹ́lì ní kí n wá kí yín, mo ní ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá parí, torí mo fẹ́ kí ẹ rí i ní títun. Ẹ sì ti sọ fún mi láti kékeré pé ọwọ́ mi gbọ́dọ̀ wà nínú ọwọ́ tó máa wẹ òkú yín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ti odò dé, mo bá Ṣàmúẹ́lì tó ń ṣa pákó tó dára jù nínú èyí tó ṣẹ́kù lára ọkọ̀ wa. Ó ní bàbá àgbà kan kú, òun fẹ́ kan pósí fún un. Àánú ṣe mí. Èmi ni mo bá a di pákó mú, tí mo fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán. Mo tiẹ̀ bẹ Ọlọ́run kó forí jin bàbá náà.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe kírun Àsùbáà tán, òun àti ìyàwó rẹ̀ wọlé wá bá mi. Ṣàmúẹ́lì ní:

“Ọ̀rẹ́ mi, jókòó. Bàbá tí a kan pósí fún lánàá, bàbá tìrẹ ni.”

Awakọ̀ kan láti gáréèjì wa ló mú ìròyìn náà wá nígbà tí mo wà lódò. Ṣàmúẹ́lì ní a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó máa wa ọkọ̀, àfi bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, òun sì fẹ́ kí n mú nǹkan ẹ̀yẹ dání lọ sílé. Ó rò pé àyè wà. Ìyá ní wọ́n gbé ìsìnkú yín kúrò ní Àìlà sí Àlàásárì nítorí mi, tí wọ́n ń wo ojú títì, kí ààfáà tó ní ó tó. Sáńpépà ló wà lọ́wọ́ mi lákòókò yẹn.

Mo jẹ́ kó gbé pósí náà sọ́kọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé aṣọ funfun nìkan la fi ń sin òkú tiwa, pé ilẹ̀ ti gbà yín? Mo gbé e wọ àdúgbò wa ní Òkè Baálẹ̀ níṣojú gbogbo ayé. Ìyá wò ó, ó wò mí, ó sì wọlé.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Ṣàmúẹ́lì wá sí fídáù yín tòun ti iṣu. Ó rí sàréè yín, ó rí pósí lẹ́yìnkùlé, mo sì rí i nígbà tó yé e. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lójú agbo. Mi ò ní kó dìde. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti fi kíkí rán awakọ̀ sí mi, mi ò dá a lóhùn.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun ló dá mi dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí mo bá dárí jì í, ta ló kù tí mo máa máa bínú sí? Ẹ bá mi dárí jì í, Bàbá. Èmi ò tíì lè ṣe é.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì pẹ́ dé,
Àkọ́bí yín.