Ohùn Bàbá Nínú Mányétò

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Ọkitóbù 1972

Èmi, Ambroise, Presidáǹ Ẹgbẹ́ Àwọn Akóhun-Ìjà-Àtijọ́-Jọ ní Àjàṣẹ́, olówó idà, olówó ìbọn ṣakabùlà, ọmọ Àgùdà tí baba ńlá rẹ̀ ti Bàhíà wọkọ̀ dé pẹ̀lú idà ní ìbàdí àti ìwé ìrìbọmi lápò, ẹni tí gómìnà Faransé bọ̀ lọ́wọ́ ní ọdún kan tí ìtàn rẹ̀ ti sú gbogbo ilé — èmi ni mo ń kọ ìwé yìí.

Lónìí mo jí, mo fi òróró nu idà mi. Mo ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi." Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó béèrè omi mímu pàápàá. Mo jẹ àkàsà, mo ní kò kan tó. Mo bínú sí ológbò.

Ó tó. Màmá ń pè mí láti ìsàlẹ̀ — "Àyékòótọ́! Ata ń dúró dè ọ́!" Àyékòótọ́ ni wọ́n ń pè mí nínú ilé, nítorí kò sí ohùn tí mo gbọ́ tí n kò lè sọ padà. Bàbá, ìyẹn bàbá tó bí Màmá, ni presidáǹ tòótọ́. Bó bá mọ̀ pé mo jókòó síbí tí mo ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, etí mi á gbóná.

Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi láti jẹ́ òun.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Ọkitóbù

Ìpàdé. Pátákó dúdú ti kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀!

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni pátákó yẹn ti wà níbẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ní ìbéèrè — níbo ni wọ́n ti rọ idà báyìí, àmì ta ló wà lára ìbọn tọ̀hún — á fi ẹfun kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹlòmíràn á wá kọ èsì sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí èsì bá dùn á fi aṣọ nù ún, ìjà á bẹ̀rẹ̀.

Ó parí. Ẹ̀gbọ́n Màmá ti fi mányétò ránṣẹ́ láti Paríì, ẹ̀rọ tí ń gba ohùn ènìyàn sílẹ̀. Bàbá ka òfin tuntun: kí kálukú sọ ìbéèrè rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Kásẹ́ẹ̀tì á máa lọ láti ilé dé ilé, láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ sí ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́, kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ ẹlòmíràn; ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ nílé á yá ti aládùúgbò. Kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ pa ohùn ẹnìkejì rẹ́.

Alájì Soumanou ló kọ́kọ́ fapá jánú. Òun ló ń ta aṣọ ní Djègan-Kpèvi, ó ní ìbọn ìléwọ́ méjì tí ó fẹ́ràn ju àwọn ìyàwó rẹ̀ lọ. Húù-Húù ni mò ń pè é, torí kò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìwúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Húù, húù. Presidáǹ, bí Louis bá kọ ìsọkúsọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi lórí pátákó, agbádá ni mo fi ń nù ún. Kí ni mo máa fi nu tinú ẹ̀rọ?"

Músíyé Louis, olùkọ́, tó ń gba imú sọ̀rọ̀, ní ìlọsíwájú ni, ayé ti ń sáré, kí Alájì náà sáré. Baba Aboudou tó ti Avrankou wá, tó ṣe ṣọ́jà fún Faransé, tí kò ní ju ọ̀bẹ ẹnu ìbọn kan lọ — ó dìde, ó kí mányétò bí ọ̀gá ṣọ́jà, ó pariwo orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí i, ó jókòó. Kò béèrè nǹkan kan.

Ìgbà tí wọ́n wá ní kí ẹ̀rọ sọ ọ́ padà! Olúkúlùkù ń wo ẹnìkejì. "Ta nìyẹn?" "Ìwọ ni." "Irọ́ ni!" Ti Bàbá ló burú jù. Ó dìde: "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ewúrẹ́ wo ló ń sọ̀rọ̀ yẹn? Kì í ṣe ohùn mi. Mo fi Ọlọ́run búra, kì í ṣe ohùn mi!" Kò mọ̀ pé Louis ti tún tẹ bọ́tìnnì pupa. Ẹ̀rọ gba ìbúra náà sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ gbọ́, wọ́n tún un tẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Alájì.

Ohùn rẹ̀ gan-an ni. Òun nìkan ni kò tíì gbọ́ ọ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Ọkitóbù

Ọ̀sán. Gbogbo ilé ń sùn. Mányétò ń wò mí. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Ọkitóbù

Ogun!

Ohun tí mo sọ nínú ohùn Bàbá nìyí: "Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti yẹ ìbọn Alájì wò. Wọ́n ní ti ayé ọba ni. Alágbẹ̀dẹ kan ló rọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ fún ọmọdé kó fi ṣeré."

Alájì dé tòun ti ààwẹ̀ lẹ́nu, ètè rẹ̀ gbẹ, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì lé tábìlì. Bàbá ní òun kò sọ ohun tó jọ ọ́. Louis ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Baba Aboudou ló fọhùn: "Presidáǹ, ẹ má bínú. Èyí jọ yín ju ti ìjọsí lọ."

Òótọ́ ni. Ti ìjọsí, ojú ẹ̀rọ ń ti Bàbá. Tèmi, Bàbá fúnra rẹ̀ ni.

"Húù, húù. Ambroise. Láti kékeré." Ó mú agbòjò rẹ̀, ó lọ.

Mo ki ojú bọ ìrọ̀rí, mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí.

Ọjọ́rú, 18 Ọkitóbù

N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Bàbá bi Màmá léèrè nídìí ààrò: "Yvonne, ṣé ẹ máa ń gbọ́ kí n dá sọ̀rọ̀?" Màmá ní rárá. Bàbá ní kí ó má pa irọ́ fún òun. Ẹ̀gbọ́n Bàbá tó kú ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kò dá ọmọ ara rẹ̀ mọ̀ mọ́ kí ó tó lọ, òpó ilé ló ń kí káàárọ̀. Bàbá rò pé ó ti kan òun. Ó rò pé òun sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí Alájì, orí òun ló gbàgbé.

Láti àná, bó bá ti jí, á máa pe àwọn idà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka katikísìmù. Èyí láti Bàhíà. Èyí láti Abomey. Èyí tí mo rà lọ́wọ́ opó… opó… Á dúró. Á tún bẹ̀rẹ̀.

Mo wà lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Mo gbé àkàsà fún un, mo gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ọjọ́bọ̀, 26 Ọkitóbù

Àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba ní Kútọnu. Orin ológun lórí rádíò, ohùn ọkùnrin kan, orin ológun. Màmá ní, "Wọ́n tún ti dé?" ó lọ ra iyọ̀ àti epo àtùpà. Bàbá ní àwọn wọ̀nyí kò ní dé Kérésìmesì. Alájì kò tíì wá kí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Ọkitóbù

Gbogbo ọmọ Akron, àdúgbò wa, ló ń ṣe ohùn rádíò nídìí kànga. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n mo ronú èyí tó dáa jù — bí Bàbá náà bá gbàjọba ńkọ́?

Bọ́tìnnì pupa. "Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ẹ pọ́n idà yín. Ẹ rọ ẹ̀tù sínú ṣakabùlà. Lọ́jọ́ Àìkú a ó lọ sí káńpù, a ó gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn ọmọ kéékèèké wọ̀nyí. Èmi ni n ó ṣe presidáǹ. Alájì, minísítà ikọ́. Aboudou, ọ̀gá gbogbo ọmọ ogun, bó bá rí bàtà rẹ̀."

Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, kí n pa á rẹ́. Màmá pè mí. Ata. Ojoojúmọ́, ata.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Ọkitóbù

Kásẹ́ẹ̀tì ti lọ!

Louis ti wá mú un ní kùtùkùtù, ó kàn án. Mo sáré dé ilé rẹ̀. Ó ní òun kò ráyè gbọ́ ọ, òun ti gbé e lọ fún Alájì kí inú Alájì lè rọ̀. Mo sáré dé Djègan-Kpèvi. Alájì wà láàárín aṣọ rẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Kásẹ́ẹ̀tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí i, ọwọ́ mi ìbá tó o.

Mo ní Bàbá ló rán mi. "Húù, húù. Bàbá rẹ ló ṣòfin pé ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni kí n fi lé lọ́wọ́. Ṣé ìwọ ni ọmọ ẹgbẹ́?" Mo ní ṣé ó ti gbọ́ ọ? Ó ní òun kò gbọ́ èébú nínú ààwẹ̀, ó di ẹ̀yìn ìtúnu.

Mo wólẹ̀ fún un. Ó ní kí n dìde, mo ń dọ̀tí aṣọ ọjà.

Ọjọ́rú, 1 Nofáńbù

Ọjọ́ Àwọn Ẹni Mímọ́ Gbogbo. A ti itẹ́ òkú dé, òdòdó ṣì wà lọ́wọ́ Màmá. Ọkọ̀ ṣọ́jà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnìkan ládùúgbò ti lọ sọ pé ìbọn kún ilé wa.

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń ju idà lé idà. Bàbá ní, "Ẹ rọra, ọmọ mi, ẹ rọra, ó ju baba yín lọ." Wọ́n gbé mányétò pẹ̀lú, tòun ti kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá wọn bi í pé kí ló wà fún. Bàbá fi ìgbéraga ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, òfin, ọmọ ẹgbẹ́, kásẹ́ẹ̀tì tó ń lọ láti ilé dé ilé. Ibo ni kásẹ́ẹ̀tì wà báyìí? Ó sọ fún wọn.

Ọjọ́bọ̀, 2 Nofáńbù

Wọ́n wá mú Bàbá. Wọn kò jẹ́ kó dé fìlà.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Nofáńbù

Louis wá. Kò gba imú sọ̀rọ̀ lónìí. Wọ́n ti pe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sí káńpù, wọ́n tẹ kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ohùn ta nìyí. Alájì sunkún. Ó ní, "Ohùn Ambroise ni. Ọlọ́run dárí jì mí, òun ni." Kò parọ́. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ló sọ.

Bàbá ní, "Kì í ṣe ohùn mi."

Ọ̀gá ṣọ́jà bá tẹ kásẹ́ẹ̀tì kejì, ti ọjọ́ àkọ́kọ́. "Mo fi Ọlọ́run búra, kì í ṣe ohùn mi!" Ó bi wọ́n pé ta ló ń sọ èyí? Wọ́n ní Ambroise ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní baba yìí kò ní ohùn kankan láyé tí kò ní sẹ́.

Ọjọ́ Ajé ni wọn ó gbé e lọ sí Kútọnu. Louis ní ẹni tí wọ́n bá gbé débẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Nofáńbù

Mo sọ fún Màmá. Kò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Nofáńbù

A lọ sí káńpù, Màmá gbé oúnjẹ. Ọ̀gá ṣọ́jà yẹn kò dàgbà, eyín rẹ̀ funfun. Ó bá Màmá sọ èdè Gùn, Màmá bẹ̀ ẹ́ ní Gùn. Mo ní èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ inú kásẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ìwọ? Ọmọ ọdún mélòó?"

Mo dijú. "Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ẹ pọ́n idà yín…" Mo sọ ọ́ tán pátá. Ṣọ́jà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yí padà láti wo àgbàlagbà tó wọlé. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọ̀gá. Mo ṣe Húù-Húù. Mo ṣe Louis. Òmùgọ̀ ni mí, mo ṣe òun náà: "Ìwọ? Ọmọ ọdún mélòó?" Màmá já mi léèékánná.

Ó ní kí wọ́n mú Bàbá wá. Kò ní bẹ́líìtì, ó ń fi ọwọ́ di ṣòkòtò rẹ̀ mú. Irùngbọ̀n funfun tí n kò rí rí. Ọ̀gá ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. N kò dijú mọ́, Bàbá ni mò ń wò.

Mo rò pé á gbá mi létí. Ó tújú ká. Ó rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́. Ó ní, "Ti ìbọn Alájì ńkọ́?" Mo mi orí pé èmi náà ni. "Orí mi pé," ó wí. Kì í ṣe èmi ló ń sọ ọ́ fún. "Ọlọ́run ọba, orí mi pé."

Ọ̀gá ní, "Ó dáa, ọmọ ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í dá irú èyí rò. Yóò dúró síbí títí á fi sọ ẹni tó kọ́ ọ."

Bàbá na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọnrangandan, ọwọ́ ṣì wà lára ṣòkòtò. "Ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọmọ yìí ń parọ́ kí ó lè gbà mí ni. Ohùn mi nìyẹn. Èmi ni mo sọ ọ́."

Ẹni tó fi Ọlọ́run búra lórí ohùn ara rẹ̀.

Mo pariwo pé irọ́ ni. Ṣọ́jà fi apá tì wá síta, oúnjẹ ṣubú. Mányétò ni ọ̀gá ń wò. Bí a ti ń dé ẹnu géètì la gbọ́ tí ó tún tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà ń tẹ̀ lé wa: ẹ pọ́n idà yín, ẹ pọ́n idà yín.

Láti ibẹ̀, ilé Alájì. Kò fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn. Mo dúró níta, mo wúkọ́ bíi tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní, "Ambroise. Láti kékeré." Ó ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti agbádá. Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ pe Louis wá, kí wọ́n ránṣẹ́ sí Baba Aboudou. Gbogbo wọn á tẹ̀ lé mi dé káńpù kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Kí olóhùn kọ̀ọ̀kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn rẹ̀, kí ọ̀gá fi ojú ara rẹ̀ rí i pé n kò nílò olùkọ́. Bí wọ́n bá dá mi dúró síbẹ̀, kí wọ́n dá mi dúró. Màmá ti di aṣọ mi.

Ojú ìwé àkọ́kọ́ yìí, irọ́ ni. Ambroise kò kọ ìlà kan níbẹ̀. Àyékòótọ́ náà, orúkọ ilé ni.

Lucie ni mí. Ọmọ Yvonne. Ọmọ ọdún márùndínlógún, tí ìdánwò sẹtifíkà dá padà lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni mo sọ ọ́.