Eyín Erin Lábẹ́ Tábìlì Ìránṣọ Mi

                                        Ṣọ́ọ̀bù Comfort Télọ̀,
                                        Djidjolé,
                                        Lomé.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kejìlá, 1992.

Priscilla, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé Kútọnu gbà yín dáadáa? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ Màmá ti rọlẹ̀? Ọpẹ́ ni pé ẹ tètè kúrò níbí. Àwa náà ń bẹ, àmọ́ inú ń bí mi, ìwọ nìkan ni mo sì rí sọ ọ́ fún.

O rántí Ìtùnúolúwa àbúrò mi, tó ń ṣọ́ igbó erin lápá àríwá, òun nìkan lobìnrin láàárín ọkùnrin méje. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó gbé àpò ìdọ̀họ kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rò pé iṣu ni. Eyín erin méjì ni! Àwọn kan ló yọ́ pa abo erin. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ lé wọn, wọ́n ju eyín sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn tà á, torí láti ìgbà tí rògbòdìyàn ìjọba yìí ti dé, kò sẹ́ni tó rántí owó oṣù wọn. Ìtùnú kọ̀. Ó bá ọkọ̀ oníṣu wá sí Lomé kó lè fi wọ́n lé ọ̀gá wọn lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì wọn ní Tokoin. Bẹ́ẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ti ti gbogbo ọ́fíìsì pa! Abẹ́ tábìlì ìránṣọ mi ló wá fi eyín náà sí.

Priscilla, ojoojúmọ́ ló ń wọ yúnífọ́ọ̀mù lọ kan ilẹ̀kùn tí kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kó bọ́ ọ, torí àwọn èèyàn ò gbàgbé bí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ṣe lé àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Obìnrin kan tutọ́ sí i lára ní títì. Ó nù ún kúrò, ó tún lọ lọ́jọ́ kejì. Alágídí ọmọ!

Lucien tó ń fi eyín erin gbẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ gbọ́ fìnrín. Ó ní òun á bá mi gbé e kúrò. N ò ní purọ́ fún ọ, mo ní kó wá lọ́jọ́bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú mi. Ìtùnú bá wa lẹ́nu ọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Àǹtí mi, erin tí wọ́n pa yẹn lọ́mọ. Ọmọ náà dúró ti òkú ìyá rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó ń fi ọwọ́jà gbé orí rẹ̀ sókè pé kó dìde."

Mo lé Lucien jáde.

Ni mo bá pa aṣọ oníbàárà tì, àwa méjèèjì gbé àpò náà lọ sílé ọ̀gá wọn ní Avépozo. Ó ti di ẹrù sínú ọkọ̀, Gánà ló ń sá lọ. Ó ní kí Ìtùnú padà wá tí ìyanṣẹ́lódì bá parí, pé iṣẹ́ yìí kúkú ju obìnrin lọ. Ha! Èmi tí mo ti ń ṣépè fún eyín náà láti ọjọ́ yìí, mo lọ dúró síwájú ọkọ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Mísíò, ọkùnrin méje fẹ́ tà á. Èwo nínú wọn ló ju obìnrin yìí lọ? Ẹ ò ní kọjá."

Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún un láti inú ọkọ̀ pé kó lọ mú kọ́kọ́rọ́. Ó gbé wa lọ sí Tokoin, ó ti eyín mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ó buwọ́ lu ìwé fún Ìtùnú.

Mo rò pé ó parí nìyẹn. A ní ká jẹ èkuru kó tán, ó tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo! Láàárọ̀ yìí ni Ìtùnú di ẹrù, ó ní òun ń padà sínú igbó. Láìsí owó oṣù! Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo sunkún. Ó ní bí òun ò bá sí níbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ òun á ta èyí tó bá tún bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní gáréèjì, dẹ́rẹ́bà ní òun ò gbé aṣọ ìjọba lásìkò yìí. Mo jágbe mọ́ ọn: "Àbúrò mi ni! Erin ló ń ṣọ́, kì í ṣe ìjọba!" Dẹ́rẹ́bà bá sún fún un níwájú. Títí ọkọ̀ fi gbéra ni mo ń bá ọmọ yẹn jà lójú fèrèsé, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ki gàrí àti ẹja gbígbẹ bọ inú àpò rẹ̀.

Bá mi kí Màmá, bàbá àwọn ọmọ àti Geneviève ọmọ rẹ. Tí o bá kúnlẹ̀ àdúrà, jọ̀ọ́, dárúkọ Ìtùnú. Èmi ò tíì lè ṣe é. Inú ṣì ń bí mi.

Èmi ni tìrẹ tí kò yí padà,
Comfort Ṣóbọ̀wálé