Bàtà Tí Mo Bọ́ Sẹ́nu Ọ̀nà Ọkọ̀ Abẹ́ Ilẹ̀

Winarsih ọmọ mi ní Jakarta,

Bí ìwé yìí ṣe ń balẹ̀ sọ́wọ́ rẹ, kí ire balẹ̀ sílé rẹ. Ọlọ́run á dá ẹ sí, á dá ọkọ rẹ sí, á dá Kinasih ọmọ-ọmọ mi sí, àmín. Àlàáfíà la wà o, àfi ìyá rẹ tó ń bínú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì mú mi kọ̀wé.

Ìyá rẹ ní òun ò wá síbi ayẹyẹ tí ẹsẹ̀ Kinasih máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀ mọ́. Mo ní ta ni kó wá se àkàrà ìrẹsì aláwọ̀ méje tí ọmọ máa tẹ̀? Ó ní kí n lọ sè é fúnra mi, pé ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Jakarta yín tó dá ọkọ òun padà wálé láìwọ bàtà, òun ò ní wọ̀ ọ́, pé ọjọ́ tí òun máa wọnú ilẹ̀ kò tíì pé. Wagiman aládùúgbò wa gbọ́, láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Bàbá Aláìníbàtà. Èmi! Èmi tí mo fi pátákó kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í fi amọ̀ mọ àwo òrùlé, tí mo wá ní iléru méjì tí mo fi ń sun ún lónìí, tí òrùlé Wagiman fúnra rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi!

Mo jókòó, mo ro dáadáa àti àìdáa ọkọ̀ náà fún ìyá rẹ, torí èmi nìkan ló ti wọ̀ ọ́ ní gbogbo abúlé yìí, nígbà tí mo wá kí ọ lọ́hùn-ún. Mo ní ó tutù bí omi inú àmù, òjò kì í pa èèyàn níbẹ̀, wọn kì í mu sìgá, ó sì yá débi pé n ò tíì kí àwọn èrò tán tá a fi dé. Obìnrin kan tá ò rí ojú rẹ̀ ń sọ ibi tá a dé fún wa, ó mọ̀wà hù gan-an, gbogbo ìgbà tó bá sọ̀rọ̀ ni mò ń dá a lóhùn pé a dúpẹ́ o, ìyá.

Ṣùgbọ́n èmi kì í purọ́, mo sọ àìdáa rẹ̀ náà. Wọn kì í jẹun níbẹ̀. Ojú fèrèsé dúdú, o ò ní rí ewúrẹ́ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá níwájú àwọn èrò bó ṣe yẹ, mò ń tọrọ gáfárà láti orí ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn, gbogbo wọn ló fi nǹkan dí etí, mo sì gbàdúrà fún etí wọn. Èyí tó dùn mí jù ni amọ̀ tí wọ́n kó jáde nínú ihò yẹn. Níbo ni wọ́n dà á sí? Ǹ bá fi í bo orí gbogbo ilé tó wà ní Java!

Ní ti bàtà, ilẹ̀ ọkọ̀ náà mọ́ ju pálọ̀ olórí abúlé wa lọ. Ọmọlúwàbí wo ló máa wọ bàtà wọ irú ibẹ̀? Mo bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà bí a ṣe ń bọ́ ọ nílé, mo tò ó pọ̀, mo kọjú rẹ̀ síta kó lè rọrùn láti wọ̀ tí mo bá ń jáde. Ilẹ̀kùn pa dé, ọkọ̀ gbéra. Nígbà tí o pàdé mi níbi tí mo ti sọ̀kalẹ̀, o rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mò ń ronú.

Mo ti rí ojútùú báyìí, ìyá rẹ sì ti gbà pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á wá. Kì í ṣe pé n ò lówó o, igi ìdáná iléru ló gbé e lọ, nítorí náà fi owó bàtà tuntun ránṣẹ́, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún ìyá rẹ. Ìyẹn la máa bọ́ síbi tá a ti wọkọ̀. Kí ìwọ náà ra ọ̀kọ̀ọ̀kan mìíràn, kó o tò ó sẹ́nu ilẹ̀kùn níbi tá a ti máa sọ̀kalẹ̀. Tá a bá ń padà, a máa bá ti àkọ́kọ́ níbi tá a fi í sí. Ti ìyá rẹ kó jẹ́ aláwọ̀ ewé.

Kí ẹsẹ̀ Kinasih kan ilẹ̀ láyọ̀, kó rìn jìnnà, kó sì máa bá bàtà rẹ̀ níbi tó bá bọ́ ọ sí. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Sastrodimejo oníléru méjì