Sìdíkátù Àṣàkẹ́ Raheem (1962–2019): Ìyá Tó Fi Ọ̀já Kọ́ Wa Ní Eré Orí Ìtàgé

Ní agboolé Aláró, Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, ni a ti bí ìyá wa, Sìdíkátù Àṣàkẹ́, ní oṣù kẹta ọdún 1962. Bàbá wọn ni Raájì Àkànní, aránṣọ. Ìyá wọn ni Ràbíátù, tó ń ru ẹrù oko wá sí ọjà Jagun. Àwọn ẹbí kan láti ilé ránṣẹ́ pé oṣù karùn-ún ni, kì í ṣe oṣù kẹta. A fura pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn wà níbẹ̀. Oṣù kẹta ni ìyá wa fẹnu ara wọn sọ, òun náà la kọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ Gírédì Tuu ní ọdún 1981. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ gun orí ìtàgé. Wọ́n ní kí ìyá wa ṣe ìyàwó. Ọkùnrin tó ń darí eré náà sọ fún wọn pé iṣẹ́ ìyàwó kò ju kó kúnlẹ̀, kó sunkún, kó sì wọlé lọ. Ìyá wa bi í pé kí ló pa obìnrin náà lẹ́kún. Ó ní kí wọ́n ṣáà máa sunkún. Láti ìgbà náà ni ìyá wa ti ń fura sí ẹnikẹ́ni tó bá ní kí obìnrin kúnlẹ̀ tí kò sì lè sọ ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 1987 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, Nùrẹ́nì Raheem, tó ń kun ọkọ̀ ní ọ̀dà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kó wá sí Ìkòtún, níbi tí ìyá wa ti rí iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Ìgandò. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Mubarakah, Abdulsobur àti Aasiyah. Aasiyah ni àbíkẹ́yìn, oṣù kọkànlá ọdún 1998 ni wọ́n bí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ Aasiyah yìí sọ́kàn.

Ọdún 1997 ni ìyá wa dá Ẹgbẹ́ Ọlọ́jàá sílẹ̀, ẹgbẹ́ eléré tó jẹ́ pé abiyamọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ti lọ. Òfin wọn kò pọ̀. Kò sí obìnrin tó gbọ́dọ̀ tìtorí eré fi ọmọ sílẹ̀ nílé. Bí ọmọ bá ké, eré dúró, a ó fún un lọ́mú. Ìyá wa kì í jókòó sórí àga kí wọ́n máa pàṣẹ bí àwọn olùdarí yòókù, àárín àwọn eléré ni wọ́n ń rìn. Wọ́n máa ń sọ pé ibi tí obìnrin ń so ọ̀já mọ́ ni eré ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu á tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹni tí kò bá ní ọmọ lẹ́yìn á ká ìró bí ọmọ, á fi gèlè dì í, á sì pọ̀n ọ́n. Ọkùnrin tó bá fẹ́ bá wọn ṣeré gbọ́dọ̀ pọn ìró náà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó fún un ní ọ̀rọ̀ sọ. Púpọ̀ nínú wọn kò padà wá, àwọn tí kò padà wá yìí ló sì ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà jù ní àdúgbò.

Nítorí àwọn tó ń yọjú wo obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú, ìyá wa fi aṣọ bo fèrèsé. Fèrèsé tí a fi aṣọ bò ní Ìkòtún, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń bí. Wọ́n ní ẹgbẹ́ awo ni. Wọ́n ní wọ́n ń kọ́ obìnrin láti kọ ọkọ. Wọ́n tọ bàbá wa lọ, bàbá wa sì ní òun kò rí obìnrin tó ń kọ òun o, àfi èyí tó ń ní kí òun náà pọn ìró.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 ni ọ̀rọ̀ ńlá ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń dánra wo eré ìyá kan tó ń sá fún ogun tí ọmọ fi bọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni kan yọjú níbi tí aṣọ fèrèsé ti ya, ó rí i tí ọmọ bọ́ lẹ́yìn ìyá wa, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbé e, tí wọ́n gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Ìyá wa ní ìró ni. Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n pọn Aasiyah kọjá lójú pópó, iwájú orí rẹ̀ wú kókó. Wọ́n ní bẹ́ǹṣì ló kọlù. Ta ló fẹ́ gbọ́ ti bẹ́ǹṣì? Kí ó tó di ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo Ìkòtún ti gbọ́ pé Aasiyah ti bọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Kò sí Yorùbá tí kò mọ ohun tí àwọn àgbà sọ nípa rẹ̀: ọmọbìnrin tó bá bọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọkọ méje ni yóò kú mọ́ ọn lọ́wọ́, bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, ìyàwó méje. Àwọn tí wọ́n ń bá ìyá wa ṣe àsáláátù ní ọjọ́ Àìkú kò jẹ́ kí ọmọkùnrin wọn bá Aasiyah ṣeré mọ́. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lónìí. Ṣùgbọ́n a ń wo ojú yín bí ẹ ti jókòó sábẹ́ kánópì yìí, a kò sì tíì mọ ẹni tó yọjú ní fèrèsé. Ìfura loògùn àgbà.

Ní ọdún 2009, Ọ̀gbẹ́ni Festus kan tó ń ṣe fíìmù wá, ó ní òun yóò sọ ẹgbẹ́ náà di olókìkí. Ìyá wa ní kó kọ́kọ́ ka ìtàn tó mú wá fún àwọn. Ìtàn àjẹ́ ni, àjẹ́ tó pa ọmọ inú ara rẹ̀ jẹ. Wọ́n fún un ní omi tútù mu, wọ́n sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ó di ọdún 2018. Ọmọkùnrin kan, Ọláfimíhàn Oyèníran, ará Gowon Estate, ní Aasiyah lòun fẹ́. A dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ sún un síwájú. A tún dá òmíràn, wọ́n tún sún un. Aasiyah kò jẹun mọ́, ojú ọmọ ogún ọdún wá jìn sínú. Àwa mọ ohun tí wọ́n gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni obìnrin kan wá darapọ̀ mọ́ Ẹgbẹ́ Ọlọ́jàá. Ó ní òun ń ta òwú ní Ìkòtún, òun kò sì bímọ rí. Ọjọ́ kejì ló ti ń béèrè fèrèsé tí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ láyé ọjọ́sí. Nígbà tí ìyá wa délé, wọ́n sọ fún Mubarakah pé obìnrin náà ti bímọ, nítorí pé bí ó bá dúró lásán, ara rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Wọ́n ní àwọn rò pé ìyá Ọláfimíhàn ni. Mubarakah ní kí wọ́n lé e dànù. Wọ́n ní ó ti o, ẹni tó wá wo ìran, ẹ jẹ́ kó rí i dáadáa.

Ipò ìyá tó ń sá fún ogun ni wọ́n fún un. Ó pọn ìró. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀já yóò ti tú, ọwọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó gbá ìró náà mú. Wọ́n ní kó tún un ṣe, ó tún gbá a mú. Ìyá wa kò jágbe. Wọ́n kàn ń bá a rìn, wọ́n fi ọwọ́ lé ibi tó so ọ̀já mọ́. Nígbà tó yá, obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún, ó sì sọ ẹni tí òun jẹ́. Ó wá sọ èyí tí kò sọ fún ọkọ rẹ̀ rí:

"Ọláfimíhàn bọ́ lẹ́yìn mi nígbà tó wà ní ọmọ oṣù mẹ́jọ. Bí tiyín náà bá ti bọ́ rí, èwo nínú wọn ló máa kọ́kọ́ kú?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ìyá wa jókòó tì í, wọ́n ní:

"Tèmi náà bọ́, Alhaja. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra wọn. Ikú ò ní mọ èwo ló kàn."

Ìyá méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Oṣù kejìlá ọdún náà ni a so yìgì. Alhaja Oyèníran fúnra wọn ló ní kí a kọ gbogbo èyí síbí, wọ́n ní ó ti rẹ àwọn láti máa dá a gbé.

Àmọ́ àwa ọmọ kò tíì sùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọdún méjìdínlógún ni ìyá wa fi sọ pé ìró ni. Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ fún Alhaja, àbí eré ni wọ́n fi tu ìyá ẹlẹ́gbẹ́ wọn nínú? Olùdarí eré ni wọ́n, a kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ ní ọdún 2019, Aasiyah jókòó tì wọ́n, ó gbé ọmọ tuntun lé itan, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ òótọ́ fún òun: ṣé òun bọ́ àbí òun kò bọ́?

Wọ́n ní, "Ṣé ọkọ rẹ ti kú ni?"

Aasiyah ní rárá.

Wọ́n ní, "Lọ gbé oúnjẹ fún un."

Ìyá wa papò dà ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2019, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. A sin wọ́n ní ọjọ́ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí, òní sì ni àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n fi ọkọ wọn, Nùrẹ́nì Raheem, sílẹ̀, àti ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ mẹ́rin tí Ọláyẹmí ọmọ Aasiyah jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn, àti gbogbo abiyamọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́jàá. Wọ́n fi àna wọn, Ọláfimíhàn Oyèníran, sílẹ̀ pẹ̀lú. Òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń fún yín ní ìwé yìí, ara rẹ̀ le, ó sì ti jẹun lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí.

Kí Ọlọ́hun forí gbogbo àṣìṣe jìn wọ́n, kó sì fi Alujánnà ṣe ilé fún wọn. Ìyá wa, ẹ sùn un re. Aasiyah ní kí a sọ fún yín pé òun kò ní bi yín léèrè mọ́.